Ajẹ́lẹ̀ Omi Ré Kọjá Igi Ìdábùú

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà oko jáde ní Ẹrúnmu, tó dojú kọ ìlà-oòrùn, tó sì rìn títí ebi àárọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, yóò kan odò Ọ̀ṣun níbi tí ọ̀pẹ mẹ́ta dúró sí bí àgbà mẹ́ta tó ń retí oúnjẹ. Èbúté Ọ̀pẹ-Mẹ́ta ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ogun Ìjàyè, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí afárá níbẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, Ìyàndá ló sì ni ín. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láti ara odindi igi ìrókò, kó sì tó kú, ó fi àjẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàndá a jókòó sí ìdí ọkọ̀, a máa fi àjẹ̀ darí rẹ̀. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ a dúró níwájú, a máa fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀ odò.

Nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n fi igi kan dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nítòsí ìdí ọkọ̀. Èrò kì í kọjá igi yẹn. Iwájú rẹ̀ ni ti èrò, ẹrù àti ewúrẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti atukọ̀. Ọlọ́lá ìbáà wọ ọkọ̀, iwájú igi ni yóò jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó wà lẹ́yìn igi, èsì kan náà ni Ìyàndá máa ń fọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ló ti là tipẹ́tipẹ́, tí Ìyàndá sì ń fi òwú àti oje igi dí i lọ́dọọdún. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè fẹsẹ̀ kó gbogbo èrò sómi. Atukọ̀ kì í sì í pariwo pé ọkọ̀ òun ti là, bí ẹni tó ń ta èlùbọ́ kì í ti í polówó pé kòkòrò wà nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀gbẹ́ni wa jáde.

Olóyè Àkànmú, ológun kan ní Ìbàdàn, ló fi Ọláníyì ṣe oníbodè sí èbúté náà. Iṣẹ́ oníbodè kò le. Kó jókòó, kó wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, bí ó bá sì rí ohun tó mú ìfura dání, kó ránṣẹ́ sílé. Ajá tó gbọ́n díẹ̀ lè ṣe é. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lo ọdún mọ́kànlá lábẹ́ ọ̀pẹ, apẹ̀rẹ̀ ló sì ń hun lójoojúmọ́, kò sí ogun tó gba ibẹ̀ wọlé.

Oṣù mẹ́ta ni Ọláníyì lò tó fi rí i pé orúkọ náà, oníbodè, kéré sí òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó jí, ó wẹ̀, ó sì di Ajẹ́lẹ̀ Omi àti Etí Omi. Ẹ má bi mí pé ta ló fi í jẹ oyè náà. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, òun náà ló sì kí ara rẹ̀ kú oríire.

Oyè dé, òfin tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí Ajẹ́lẹ̀ Omi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Ìyàndá fi ń tu ọkọ̀ sẹ́yìnsẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ lè wà lára olóyè tó jókòó sí èbúté, títí tí ewúrẹ́ méjì fi já sómi, tí òfin náà sì kú fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Ajẹ́lẹ̀ Omi sọ̀rọ̀ títí Jìmí yóò fi kí i tán. Jìmí yìí kò ní oko, kò sì ní iṣẹ́. Ẹnu ló ní, ẹnu náà ló sì ń bọ́ ọ. Ibi tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti yọ ni yóò ti pariwo pé:

"Ọláníyì, Ajẹ́lẹ̀ Omi! Odò gbọ́ orúkọ rẹ̀, odò ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀! Ẹja rí i, ẹja wọ ìbú lọ! Ọ̀nì rí i, ọ̀nì dijú! Ó sín lẹ́ẹ̀kan, igbó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ẹ jọ̀ọ́, odò ti ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó bí Ọláníyì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Kíkí náà gùn débi pé bí obìnrin bá gbé iṣu kaná nígbà tí Jìmí bẹ̀rẹ̀, iṣu náà á ti jinná kó tó parí.

Òfin kẹta ló wá mú ọ̀rọ̀ wa yìí wá. Jìmí ló kéde rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ: "Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó kí ẹni tó jù ú lọ ní èbúté yìí, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ti ẹlòmíràn kí oòrùn tó wọ̀!"

Àwọn èèyàn dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní òfin náà dára. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wọ́n. Ìyàndá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí atukọ̀ tó ń tu ọkọ̀ lóòró nínú omi tó ń sáré.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ ọjà, òjò ti rọ̀ lókè, odò kún, Ìyàndá ń kó èrò bọ̀ sí èbúté. Ọláníyì dúró sétí omi. Nígbà tí Jìmí kí i tán, Ìyàndá di àjẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba lórí ìjókòó, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ọláníyì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bú.

"Ìyàndá, o jókòó kí mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo bá dìde, ọkọ̀ á dojú dé."

"Kí ọkọ̀ dojú dé àti kí ọlá mi wọ́lẹ̀, èwo ló burú jù?"

Ìyá kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn nínú ọkọ̀ lanu láti fèsì, ṣùgbọ́n ó rántí ilé, ó pa á dé.

"Àna mi Sàníù ni yóò gba ọkọ̀ yìí," ni Ọláníyì wí. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde kí àgbà."

"Bàbá, ọkọ̀ bàbá mi ni. Sàníù kò sì di àjẹ̀ mú rí."

"Àwa náà kò jẹ Ajẹ́lẹ̀ Omi rí kí a tó jẹ ẹ́."

Òótọ́ ni, n kò lè já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Olóyè Àkànmú, ọ̀gá Ọláníyì gan-an, wà ní oko rẹ̀ ní òdìkejì odò, ọ̀túnla ni yóò sì padà sílé. Sàníù kò tíì lè gbé olóyè kọjá láìfi í ṣe oúnjẹ ẹja. Nítorí náà ni Ọláníyì ṣe dẹ òfin ara rẹ̀ díẹ̀: Ìyàndá yóò lọ gbé Olóyè wá lọ́túnla, lẹ́yìn náà ni yóò fi àjẹ̀ lé Sàníù lọ́wọ́.

Nílé, Àbíkẹ́ sunkún. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Ọmọ mẹ́rin la fi àjẹ̀ yìí tọ́," ó ní. "Kí la fẹ́ máa ṣe báyìí? A kò ní oko." Ìyàndá dìde, ó bu oje igi sínú ìkòkò, ó mú òwú, ó sì lọ sí etí odò. Àbíkẹ́ tẹ̀ lé e, ó bá a níbi tó ti ń yọ òwú àtijọ́ kúrò ní ìdí ọkọ̀ tó ń fi tuntun dí i.

"Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ lo tún ń tún ṣe?"

"Bàbá mi kò gbé e fún mi pẹ̀lú ihò," ni Ìyàndá wí. "Èmi náà kò ní gbé e fún ẹlòmíràn pẹ̀lú ihò."

Oje náà máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ pé. Ọláníyì jáde nínú agbádá àrán pupa tó wúwo tó ẹrù igi. Ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin ṣóńṣó wà ní ẹnu ọ̀pá náà. Àwọn tó bá a wọ ọkọ̀ kò ju méje lọ: Jìmí, àgbẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ru iṣu tí wọ́n fẹ́ fi pàdé Olóyè, àti Mùjíbátù oníyọ̀, obìnrin kan tí Ọlọ́run kò fi ẹran ara dù, tó ń gbé àpò iyọ̀ mẹ́ta lọ sí ọjà òdìkejì. Ó na ẹsẹ̀ lé àpò rẹ̀ kí omi má baà kàn án, ó sì ń wo Ajẹ́lẹ̀ Omi.

Wọ́n dé àárín odò. Ibẹ̀ ni Ọláníyì ti rántí pé òun kò tíì wo gbogbo ohun tí òun fẹ́ fi ta àna òun lọ́rẹ. Ó kọjú sẹ́yìn, ó rí igi ìdábùú, ó rí Ìyàndá lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló wà lẹ́yìn igi yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Ìyàndá wí.

Áà! Ọláníyì kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń dún. Wọ́n ní kí òun jókòó! Lórí omi tí òun jẹ Ajẹ́lẹ̀ lé lórí!

"Jìmí, ǹjẹ́ ibì kan wà lórí omi yìí tí ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ dé?"

"Kò sí, Bàbá! Ibi tí ẹsẹ̀ yín kò bá dé, ibẹ̀ kò tíì di ibì kan!"

"Ibi tí wọ́n bá ní kí èèyàn má dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú oyin sí. Kí ni oyin wọn yìí? Gbogbo ohun rere tó ń kọjá ní èbúté mi, ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀yìn igi yìí ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí?"

Ó ká agbádá, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì ré kọjá igi ìdábùú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ọkọ̀ náà, òun ni èrò àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

"Bàbá, ibẹ̀ yẹn…" ni Ìyàndá ń wí.

"Pa ẹnu mọ́!" ni Jìmí ké. "N kò tíì kí wọn! Ọláníyì, Ajẹ́lẹ̀ Omi! Odò gbọ́ orúkọ rẹ̀…"

Òfin ni òfin. Ìyàndá pa ẹnu mọ́. Ọláníyì sì ń rìn káàkiri nínú ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ bí ẹni tó ń wo ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun. Ó wo abẹ́ ìjókòó Ìyàndá: igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ló wà níbẹ̀. Ó ṣí ìdì kékeré kan: iṣu sísun àná ló jáde. Ó wá rí oje igi tó wú dúdú dúdú ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tó ń dán.

"Áhà!"

"Bàbá, ẹ má ṣe…"

"…ẹja rí i, ẹja wọ ìbú lọ!" ni Jìmí ń wí.

Ọláníyì fi ọ̀pá àṣẹ gún un. Kò ṣí. Ó gún un lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ yí irin náà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wu iṣu.

"…ọ̀nì rí i, ọ̀nì dijú! Ó sín lẹ́ẹ̀kan…"

Oje àti òwú ṣí papọ̀. Omi tú jáde, ó fò sókè, ó sì gbá Ajẹ́lẹ̀ Omi àti Etí Omi lójú. Omi kò mọ oyè.

Àwọn àgbẹ̀ ké. Mùjíbátù gbé àpò iyọ̀ kan lé orí. Àbíkẹ́ wà níwájú pátápátá, bí Ìyàndá bá sì fi àjẹ̀ sílẹ̀, ìṣàn yóò yí wọn dànù. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nítòsí ihò náà.

"Jókòó lé e!" ni Ìyàndá bú bí ìbọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò fi "ẹ" kún un. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé Ọláníyì kò bínú. Ó jókòó. Agbádá àrán wọ inú ihò náà gbùà, ìdí olóyè tẹ̀ lé e, oje tútù dì wọ́n mú, omi sì dákẹ́. Láti ọjọ́ tó ti dé èbúté náà, ìyẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe.

Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá bí ẹni tí ẹ̀mí ọmọ mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tútù nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń lọ pàdé ti jáde sí etí omi ní òdìkejì. Olóyè Àkànmú ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró lórí bèbè gíga, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn àgbẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí iṣu wọn. Jìmí dọ̀bálẹ̀. Ọláníyì nìkan ló jókòó ṣánṣán ní ìdí ọkọ̀.

"Ọláníyì!" ni Olóyè pè.

"Bàbá mi!" Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fẹ́ dìde. Omi rú sókè.

"Jókòó! A ó kú!" ni gbogbo ọkọ̀ ké.

"Ṣùgbọ́n Olóyè ni! Wọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ jẹ́ kí n dìde!"

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀ níbí yìí, mi ò ní parọ́. Bí ó bá dìde, èèyàn mẹ́sàn-án á bá a wọ odò. Bí ó bá jókòó, oyè lọ. Ó rò ó fún ìgbà tí èèyàn fi ń dá itọ́ mì, ó sì yan oyè: ó tún gbé ìdí sókè.

Mùjíbátù ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé àpò iyọ̀ sílẹ̀, ó ré kọjá igi ìdábùú, ó yí padà, ó sì jókòó lé Ajẹ́lẹ̀ Omi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá," ó ní. "Bísímílàhì."

Báyìí ni Olóyè Àkànmú ṣe rí oníbodè rẹ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀: ó jókòó bí ọba, oníyọ̀ jókòó sórí rẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ kan láti ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà tó fi ń kí i.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, Mùjíbátù náà sọ̀ kalẹ̀. Ọláníyì fẹ́ dìde, àrán kò jẹ́. Oje ti mú un. Olóyè sọ̀ wálẹ̀ sétí ọkọ̀.

"Ọláníyì, o jókòó kí mi."

"Bàbá mi, kì í ṣe ẹjọ́ mi…"

"Mo gbọ́ igbe rẹ lórí omi pé wọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá jókòó kí àgbà ní èbúté yìí?"

Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jìmí kò lè gbọ́ kí wọ́n béèrè òfin ọ̀gá rẹ̀ kó má fi yangàn. Ó na ọrùn, ó ní:

"Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó kí ẹni tó jù ú lọ ní èbúté yìí, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ti ẹlòmíràn kí oòrùn tó wọ̀! Òfin Ajẹ́lẹ̀ Omi ni, Bàbá! Òfin rere!"

"Ajẹ́lẹ̀ kí ni?"

Jìmí sá sẹ́yìn àwọn àgbẹ̀.

Ìyàndá ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ má fìyà jẹ wọ́n torí ìjókòó. Ìjókòó wọn ló gbà wá là. Ihò wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì jókòó dí i."

"Ta ló gbẹ́ ihò náà?"

Ìyàndá tẹjú mọ́ ẹrẹ̀. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu tún yun Jìmí. "Ọ̀pá àṣẹ ni, Bàbá!"

Olóyè wo ọ̀pá tó ń léfòó nínú omi tó wà nínú ọkọ̀. Ó wo igi ìdábùú. "Ọlọ́kọ̀, èmi náà ti wọ ọkọ̀ yìí nígbà ayé bàbá rẹ. Mo béèrè ohun tó wà lẹ́yìn igi. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá rẹ wí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Ìyàndá wí.

"Mo sì jókòó." Ó yí sí Ọláníyì. "Òfin rẹ ni, n kò ní yí i padà kó tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ rẹ bọ́. Láti ọ̀la, kò sí òfin náà mọ́. Ọlọ́kọ̀, máa tu ọkọ̀ rẹ." Ó wo àwọn èèyàn títí ojú rẹ̀ fi dé ara Mùjíbátù, tó ń gbọn omi kúrò lára ìró rẹ̀. "Ẹni tó bá lè jókòó lórí oníbodè láìbẹ̀rù, kò sí ohun tí yóò bà á lẹ́rù ní ẹnu ibodè. Ìwọ ni kó o gbà á."

Mùjíbátù ní òun yóò kọ́kọ́ ta iyọ̀ òun tán.

Àbíkẹ́ jókòó sórí bèbè, ó sì tún sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún yìí kò jọ ti ìjẹta. Ìyàndá fa ọ̀bẹ yọ, ó gé agbádá àrán náà yípo ìdí Ọláníyì, ó sì fi èyí tó wọ inú ihò sílẹ̀ síbẹ̀, ó fi oje lé e lórí. Ọláníyì bọ́ sílẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, pẹ̀lú agbádá tó ní fèrèsé lẹ́yìn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà délé. Ó wọ̀ ọ́ padà. Kò sí ẹni tó sọ ibi tí yóò jókòó fún un. Iwájú igi ìdábùú ló lọ, láàárín ewúrẹ́ méjì tí àwọn ọmọ ogun ń fà lọ sílé, ó sì ká ẹsẹ̀ kò.

Oje náà gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyàndá tún fi tu ọkọ̀ náà, kò sì fi òwú dí ibẹ̀ mọ́, nítorí àrán pupa náà kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọlé. Nínú gbogbo ohun tí Ọláníyì gbé wá sí Èbúté Ọ̀pẹ-Mẹ́ta, aṣọ yẹn nìkan ló wúlò.